Jules Tó Fẹ́ Fi Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Gba Ewúrẹ́

Ẹ jẹ́ ká tètè kí Jules, kó tó kí ara rẹ̀. Jules Apàrùn-má-wẹ̀yìn, tó gbálẹ̀ ilé ìwòsàn l'Átakpamé fún oṣù mẹ́ta, tó sì wọ ẹ̀wù funfun padà sí abúlé wa, Datcha, ní 1983. Ó ní ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ òun kì í sùn, pé òtútù lásán ò mú òun rí.

Olúgbódi, ọmọ Àpọ̀kẹ́, ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ ní. Òun ló fẹ́ tà kó fi gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Jules ní kò pọn dandan. Kó fún òun ní ewúrẹ́, òun á fa ẹ̀jẹ̀ òun sí ọmọ náà lára. Ó pe gbogbo abúlé wá wòran, ó sì ti di okùn ewúrẹ́ mú.

Colette, àbúrò Àpọ̀kẹ́ tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì l'Átakpamé, rọra béèrè lọ́wọ́ Jules pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo làwọn ọmọ ogun yín ṣe ń mọ ẹni tí wọ́n máa pa?"

"Àjèjì ni wọ́n ń pa. Ohun tí kì í bá ti ṣe ti Jules, pípa ni."

Colette kọjú sáwọn obìnrin. Látìgbà tí olè iṣu ti pọ̀, obìnrin tó bá ń ti oko bọ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kan nínú ẹrù rẹ̀ sókè agbọ̀n, kí Ìgè tó ń ṣọ́ oko lè rí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ara wa ń ṣe," ni ó wí. "Wọ́n ń gbé díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú wọn síta. Ọmọ ogun á wò ó. Tó bá rí ti àrùn níbẹ̀, á dá sẹ́ẹ̀lì náà lu, á pa á. Ṣùgbọ́n agbọ̀n ilé tirẹ̀ nìkan ló mọ̀."

Ìgè rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá gbé mi lọ ṣọ́ oko ìlú mìíràn, gbogbo agbọ̀n ni mo máa gbà."

Àpọ̀kẹ́ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó kọjú sí Jules. "Dókítà, Olúgbódi mi ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe àjèjì sí wọn?"

Jules yára fa abẹ́rẹ́ yọ nínú àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀.

Bàbá Fájọbí, àgbà abúlé, ní, "Kí Jules kọ́kọ́ dán an wò lára ara rẹ̀ ná. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ Ìgè sí i."

Ìgè na apá. Jules rí abẹ́rẹ́ ara rẹ̀, òógùn bò ó. "Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà mí," ló wí, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Àwọn obìnrin ti dí ọ̀nà. "Gbé tọwọ́ rẹ sókè ká rí i."

Okùn ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ náà rí Àpọ̀kẹ́, ó ké, ó sì fa Jules padà gba àárín èrò, tòun ti ẹ̀wù funfun. Ọ̀sán ọjọ́ náà, owó ewúrẹ́ ni Olúgbódi fi wọ takisí lọ sílé ìwòsàn l'Átakpamé.