Awò Ojú tí Mo Rà Lọ́sàn-án Gangan

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ tí mo lọ fojú han ìyá Sẹ́nàmí ní erékùṣù Gberefu kò ní kúrò lọ́kàn mi. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀rín á gbà mí, ẹni tó jókòó tì mí á sì rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀.

Ayé ìjọba ṣọ́jà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà náà ẹ mọ̀ ọ́n: a ń tò ká tó ra mílíìkì, a ń tò ká tó ra ọṣẹ, ẹni tí kò bá sì tò dáadáa, kòbókò á tò ó. Èkìtì ni mo ti wá ṣiṣẹ́ tíṣà ní Àgbádárìgì. Àpọ́n ni mí, iyàrá kan ni mò ń gbé, sítóòfù kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àti ojú tí kò dára láti kékeré. Ohun tó bá jìnnà, mo rí i kedere. Bí ẹ bá gbé ọmọ tuntun sí òdì-kejì ọ̀sà, mo lè sọ fún yín bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú mi láìsí awò ojú, eèrà ni mo ń rí.

Sẹ́nàmí ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé tó kángun sí tiwa. Ọmọ Ègùn ni, ó dúdú, ó ń dán, ó sì lẹ́rìn-ín tó máa ń mú kí olórí ilé ìwé wọn yọjú lójú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì rẹ̀ nígbà tí mi ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà gbà fún mi. Ó wá ku ìyá rẹ̀.

Àṣà kan wà nílé wọn tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ kó tó kú. Ẹnikẹ́ni tó bá wá fẹ́ ọmọbìnrin ilé náà, òun ni yóò ka Ìwé Mímọ́ níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá. Kò le, àbí? Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní òun gboyè ní yunifásítì, ó ń da òyìnbó sílẹ̀ wàràwàrà. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé fún un, ó fọwọ́ pa àpò, ó ní, "Áà, mo gbàgbé awò ojú mi sílé." Ìyá gbà á gbọ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dá ọjọ́ ìyàwó kí wọ́n tó mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo kò sí tí ọkùnrin náà mọ̀. Ìtìjú ńlá ló jẹ́ fún Ìyá láàárín àwọn ará ìjọ. Láti ìgbà yẹn, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lé yín jáde nílé yẹn, ẹ ṣáà sọ̀rọ̀ awò ojú.

Sẹ́nàmí kìlọ̀ fún mi dáadáa. Ó ní, "Tíṣà, gbogbo nǹkan lo lè gbàgbé o. Aṣọ, bàtà, kódà o lè gbàgbé orúkọ mi. Awò ojú rẹ nìkan ni kó o má gbàgbé. Ìyá ò ní gba àwáwí yẹn gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ohun tó kàn. Ní ọjọ́ Ẹtì, tó ku ọ̀la tí a máa lọ, mo jókòó lé awò ojú mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dún kàù! Ó dá sí méjì níbi imú. Mo dìde, mo wò ó, mo tún jókòó, àmọ́ mo kọ́kọ́ fọwọ́ gbá ibi tí mo fẹ́ jókòó sí.

Nígbà yẹn, a kì í da nǹkan ike nù. Korobá ya, báàfù sán, ọ̀bẹ gbígbóná là ń fi jó o, á lẹ̀, ayé ń lọ. Èmi fúnra mi ti lẹ korobá mi bẹ́ẹ̀, kò sì jò. Mo ní ohun tó wo korobá sàn, ṣé kò ní wo awò ojú sàn ni? Mo tan sítóòfù, mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, mo fi kan ike awò náà. Yéè! Ó yọ́ bí òrí. Mo fẹ́ yára fà á sẹ́yìn, ó fà bí ewédú, dígí kan já bọ́ sínú iná, ó sán pẹ́ú, èkejì fò sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó di ẹ̀rún. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Bàbá onílé mi kígbe láti iyàrá rẹ̀. "Tíṣà! Kí lẹ̀ ń sè?"

"Awò ojú ni, sà."

Ó dá mi lóhùn: "Ẹ fi iyọ̀ sí i."

Dókítà ojú wà ní Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, oṣù mìíràn ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ padà wá. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ọjà Agbálátà ni mo gbà lọ. Wọ́n ní ìjọba ti ti ẹnu ibodè pa, àmọ́ ẹ lọ wo ọjà, gbogbo ohun tó wà ní Kútọ̀nú ló wà níbẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí ọkùnrin kan tó to awò àlòkù sórí àtẹ, ó so dígí ìwojú kékeré mọ́ igi agbòjò rẹ̀, ó sì ní ìwé ìròyìn kan tó ti rún tó fi ń dán ojú oníbàárà wò.

Mo gbé àkọ́kọ́ sójú. Dígí rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìwé ìròyìn! Gbogbo lẹ́tà ló dìde dúró, kódà mo rí àwọn wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. Mo wo dígí ìwojú, bàbá arúgbó kan tí inú ń bí ló ń wò mí. Mo yára bọ́ ọ. Èkejì rí rogodo, ó mọ́ níwọ̀n, àmọ́ dígí apá òsì rẹ̀ ti ha yánnayànna. Ẹ̀kẹta ni ó ba tèmi jẹ́. Dúdú ni, góòlù wà létí rẹ̀, ó tẹ́ sójú mi bí ẹni pé ojú mi ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó ṣe é. Lẹ́tà inú rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo rí i kà geere.

Mo gbé àkọ́kọ́, mo gbé ẹ̀kẹta. Mo tún padà sí àkọ́kọ́. Oòrùn ọ̀sán gangan sì ń ràn lé wa lórí, iyanrìn ń jó ẹsẹ̀, ìwé ìròyìn ń tàn yanran. Ọlọ́jà rí i pé ẹ̀kẹta ni ọkàn mi wà. Ó na dígí ìwojú sí mi, ó ní, "Mísíè, ẹ dà bíi dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Páríìsì dé!" Ọ̀rọ̀ parí. Páríìsì ni mo gbé kúrò lọ́jà.

Sẹ́nàmí ń dúró dè mí létí omi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Háà, Tíṣà, ìwọ rèé?" Inú mi dùn débi pé mi ò bọ́ awò náà nínú ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ sì ni awò ìkàwé kì í ṣe awò ìrìnàjò. Omi ń ga, omi ń sún mọ́ mi, mo ṣáà ń fi ẹ̀rín bò ó. Bí a ṣe ń gúnlẹ̀ sí Gberefu, mo rí èbúté tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tímọ́tímọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ bí ọ̀gá.

Awakọ̀ ní, "Tíṣà, a ò tíì dé ilẹ̀ o."

Mo ti wà nínú omi títí dé àyà. Aṣọ funfun mi fẹ́ sókè yí mi ká. Ọwọ́ kan ni mo fi já awò náà kúrò lójú, tí mo nà án sókè kó má baà tutù. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, Sẹ́nàmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí iyanrìn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà á. "Awò yẹn ńkọ́? Ṣé kò fọ́?"

"Kò fọ́."

"A dúpẹ́. Ìyókù kò ṣe nǹkan kan."

Ìyá Sẹ́nàmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin gíga, epo àgbọn ló ń ṣe tà, apá rẹ̀ le, àgbàlá rẹ̀ mọ́ débi pé mo rí ipa ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú omi lára. Dídọ̀bálẹ̀ ni ọkùnrin máa ń dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀, ọkàn mi ni kò sí nílé. Ó ní, "Kúàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé o fi ẹsẹ̀ wá ni?" Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó sá aṣọ mi, ó mú ìró rẹ̀ kan tó dára fún mi ró, ó gbé ẹja àti ìrẹsì àgbọn síwájú mi, ó sì ń bù ú kún un láìbi mí. Mo fẹ́ràn obìnrin náà lójú ẹsẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Sẹ́nàmí, ni kò fẹ́ràn mi. Apẹja ni. Ó wo ìró, ó wò mí. "Tíṣà wo ló ń ró ìró?"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n lu agogo àdúrà. Abẹ́ igi àgbọn ni ilé náà wà, ó máa ń tètè ṣókùnkùn níbẹ̀. Wọ́n gbé láńtánì kalẹ̀, Ìyá ṣí ìwé fún mi. Kì í ṣe ibi tí èèyàn lè ti kọ́ sórí tẹ́lẹ̀ o. Ibi tí orúkọ àwọn baba ńlá kún bámúbámú ni, tí lágbájá bí làkáṣègbè. Obìnrin yẹn gbọ́n.

Mo gbé awò Páríìsì sójú. Eèrà! Mo wúkọ́. Mo fa láńtánì mọ́ra, mo na ìwé jìnnà títí apá mi fi tán.

Bàbá Kékeré ní, "Ṣé ìwé náà ń géni jẹ ni?"

Òógùn bò mí. Mo wo Sẹ́nàmí, ojú rẹ̀ ti ń yípadà. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, awò ojú yìí kò..."

Mi ò tíì parí ẹ̀ tí Bàbá Kékeré fi fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Orin ọkùnrin ìjọ́sí náà rèé!" Sẹ́nàmí dorí kodò. Ẹ̀yin èèyàn, mo rí i pé ọmọ yìí ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré sọ gbogbo rẹ̀ tán: bí mo ṣe jókòó lé e, bí mo ṣe sè é, bí mo ṣe fi ẹwà yan èyí. Mo ní, "Ìyá, mo mọ̀wé. Nínú oòrùn ọjà lọ́sàn-án yìí, mo kà á geere. Òkùnkùn yìí ni kò jẹ́ kó ràn mí lọ́wọ́."

Ìyá yíjú. Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Oòrùn lo fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Oòrùn ò wọ́n ní Gberefu. Kò tíì wọ̀ létí òkun. Ẹ gbé àga yín."

Gbogbo ilé dìde. Ẹ wo obìnrin tí wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an tàn jẹ rí, tó sì tún lè fún ẹlòmíì láyè. Títí mo fi kú, n ó máa yìn ín. A já sí etí òkun, oòrùn pupa rogodo ti fẹ́ kan omi lápá ìwọ̀-oòrùn. Mo gbé ìwé sókè. Lẹ́tà jáde!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Atẹ́gùn òkun dé, ó ń ṣí ìwé, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í. Atẹ́gùn yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró nídìí mi. Bí mo bá mú ìró, ìwé á ṣí lọ. Oòrùn ò sì ní dúró dè mí kí n tún ibẹ̀ wá. Mo ń ka orúkọ àwọn baba ńlá, ìró ń sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fi ìwé sílẹ̀. Ó bọ́ pátápátá. Ọpẹ́lọpẹ́ pátá tó wà lábẹ́ rẹ̀, òun náà sì ti já níbì kan. Bàbá Kékeré ló sáré wá, tó ń kùn, tó kúnlẹ̀, tó di ìró náà mú mọ́ mi nídìí títí mo fi dé ẹsẹ tó kẹ́yìn. Bí mo ṣe ṣe àmín, oòrùn wọ omi.

Ìyá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó pa á dé. Ó ní, "Ẹni tó jẹ́ kí ìró bọ́ nídìí òun kó má baà fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò ní fi ọmọ mi sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín Sẹ́nàmí gan-an. Mo wá mọ ibi tó ti rí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ibi tí èèyàn máa ti lo nǹkan ni kó ti dán an wò. Mo sọ ọ́ fún Sẹ́nàmí nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà, pé ká ní mo fi ìrọ̀lẹ́ ra awò yẹn ni, gbogbo ìtìjú wọ̀nyí kì bá ti ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Ká ní ìrọ̀lẹ́ lo rà á, wàá kà á dáadáa nínú ilé, Ìyá á ní o kúuṣẹ́, á ní kó o máa lọ, òun ń bọ̀ wá rò ó. Ó ti ń rò ó láti ọdún tó kọjá tí mo ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ fún un."

Ẹ̀rín gbà mí, kò sì fi mí sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé ilẹ̀.