Òfin Igbó Ọnọrébù Jùbrílù

Ẹ bá mi kí Ọnọrébù Jùbrílù, Ọ̀dọ́-títí-láé, ọkọ ọmọge, ọkùnrin tí ọjọ́ orí ń rí lókèèrè tó ń sá. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má pa irun rẹ̀ láró. Àwọn obìnrin aláró ní Kemta l'Abẹ́òkúta ní orí rẹ̀ ń mu aró ju àdìrẹ lọ.

Ọmọge kan, Títílọlá, ló fẹ́ fi ṣe ìyàwó kẹrin. Bàbá ọmọ náà, Àlàájì Sàlàhúdíìnì oníṣòwò aṣọ, jẹ́ ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní fọmọ fún ẹni tó bá ju òun lọ. Jùbrílù ní márùndínláàádọ́ta péré lòun, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọmọ rere.

Bí ìyẹn ti ń lọ lọ́wọ́, ó gbé àbá òfin wá sí Ilé Aṣòfin: kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n máa ta igbó bí oògùn, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nìkan ni yóò gba láísẹ́ǹsì. Ó ní kí ó má baà dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni. Irọ́ ni. Ó ti ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ tí yóò gbin igbó sí ní Itori dè é, àwọn ọnọrébù yòókù tó ń lépa láísẹ́ǹsì náà ò sì tíì pé ọgọ́ta. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Lọ́jọ́ ìjíròrò, òun fúnra rẹ̀ ló pe Àlàájì àti Títílọlá wá síbi ìwòran, kí wọ́n lè rí bí àna wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ilé ń mì.

Ọnọrébù Herbert, tí òun náà lójú sí láísẹ́ǹsì, dìde. Ó ní ẹni tó gbé òfin wá gan-an, ọdún márùndínláàádọ́ta ló ń pe ara rẹ̀, òun náà ò ní rí i gbà. Kí wọ́n kúkú mú ọjọ́ orí wálẹ̀ sí ogójì.

Bí wọ́n bá mú un wálẹ̀, gbogbo wọn ló máa gbà á, èrè ilẹ̀ Itori ti ń bọ́ lọ nìyẹn. Jùbrílù gbàgbé ẹni tó ń wòran.

"Ta lẹ̀ ń pè lọ́mọdé? Nígbà Ogun Àdùbí, mo ti ń fẹsẹ̀ ara mi sáré tẹ̀lé ìyá mi lọ sóko. Aró lẹ̀ ń wò lórí mi, ewú ló wà nísàlẹ̀."

Ogun Àdùbí, tí àwọn Ẹ̀gbá bá òyìnbó jà ní 1918, ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà. Ọmọ kékeré ní Abẹ́òkúta mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlàájì sọ̀kalẹ̀ wá, ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Ẹ ti ń sáré nígbà tí wọn ò tíì bí mi, mo wá ń jẹ́ kí ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ẹ̀rín bú. Aṣòfin ń rín, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ń rín. Nígbà tí Olórí Ilé pe ìbò, ẹnì kan ò nawọ́ fún òfin igbó, kódà ẹni tó ni ín. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Jùbrílù dorí kodò, ó ń wá ọ̀nà àbájáde. Títílọlá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì na ọwọ́ sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ rọra o, bàbá àgbà. Àtẹ̀gùn wà níbí."