Ilé Alájà Mẹ́ta Tí Ríìmù Mi Wó

Ọjọ́ kan wà tí mo ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ lọ́kàn mi títí, kò ṣí kúrò. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín, nítorí àwọn ará Agége ti fi iyọ̀ àti ata sí i. Wọ́n ní mo sunkún. Mi ò sunkún o. Áísìn, ṣúgà funfun tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́, ló ta sí mi lójú.

Dírẹ́bà ni mí nílé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan lẹ́yìn rélùwéè l'Ágége. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Láti ìgbà tí ààrò wọn ti jẹ́ alámọ̀ ni mo ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó jáde nínú ààrò náà, ó sì gbóná débi pé títí dòní, bí òjò bá ń rọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màdáámù tó ni ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin Ìjẹ̀bú tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, "ọkọ mi" ni wọ́n máa ń pè mí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kéèkì ńláńlá fún àwọn olówó Ìkẹjà GRA, ta ni kó gbé e bí kò ṣe ọkọ wọn?

Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú gbígbé kéèkì lọ sí GRA. Ẹni tó gbé búrẹ́dì dé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ní kó gbà. Ẹni tó gbé kéèkì dé, mẹ́gáàdì á ṣí géètì gbàràgàdà, á kí i bí ẹni ń kí gómìnà. Wọn á fún un ní àga. Wọn á bu ìrẹsì fún un, wọn á gbé itan adìyẹ lé e lórí. Itan o, kì í ṣe ọrùn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń jẹ itan mi lọ jẹ́jẹ́ kí Sùlè tó dé. Dírẹ́bà tuntun ni, ọkùnrin bí ọmọ ogójì ọdún, kì í pariwo, kì í mutí, bóyá ló ń fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọkọ̀ tirẹ̀ àti tèmi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀ ń dán. Ó ti yọ ríìmù onírin dúdú tó bá ọkọ̀ náà wá, ó ti fi irú èyí tí wọ́n ń pè ní álọ́ì sí i, ó ń tàn yinrin bí àwo tángánran. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló bá mi gbé kéèkì. Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbọ́ tí Ṣadé ń bá Màdáámù sọ̀rọ̀. Ṣadé ló ń ṣe kéèkì náà lọ́ṣọ̀ọ́, òun náà ló sì máa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láti dì í mú.

"Mà, ọkọ̀ Bùròdá Sùlè ò mi kéèkì rárá," ló ń wí. "Ríìmù yẹn ló fúyẹ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Áísìn ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun kúrò nílé."

Màdáámù ní, "Ó dáa. Sùlè ọkọ mi, ìwọ ni kó o máa gbé e lọ láti òní."

Ẹ gbọ́ o! Sùlè ọkọ mi! Èmi tí mo ti jẹ́ ọkọ láti ayé ààrò alámọ̀, wọ́n kọ̀ mí sílẹ̀ lójú mi, lójú fúláwà, lójú gbogbo búrẹ́dì.

Owú wọ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé obìnrin nìkan ló ń jowú, ẹ ò tíì rí arúgbó dírẹ́bà ni. Bí Sùlè bá ti GRA dé, n ó rọra rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó fa imú, kí n lè mọ̀ bóyá itan ni wọ́n ṣì ń fún un. Itan ni. Ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ tòlótòló. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè jẹun alẹ́.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ ńlá kan dé. Bàbá kan ní GRA, kọngílá tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún. Ohun tí bàbá náà fi ń yangàn ni pé nínú gbogbo ilé tóun kọ́ l'Ékòó, ọ̀kan ṣoṣo ò wó rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá ní kí wọ́n fi kéèkì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, pẹ̀lú fèrèsé àti bákónì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé ILÉ BÀBÁ KÌ Í WÓ.

Mo tọ Màdáámù lọ. "Ẹ jẹ́ kí n gbé eléyìí. Bí mo bá gbé e dé láìfarapa, ẹ dá iṣẹ́ kéèkì mi padà fún mi. Bí mo bá bà á jẹ́, búrẹ́dì ni n ó máa gbé títí n ó fi kú."

"Ọkọ̀ yín ń jó ijó, Bàbá."

"N ó ra ríìmù tó fúyẹ́."

Wọ́n wò mí títí. "Lọ́la Sátidé ni o. Bí Ṣadé bá ti gbà láti wọ ọkọ̀ yín, ẹ gbé e lọ."

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ìṣirò tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè ṣe é. Mo ní bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ Sùlè bá fúyẹ́ tó fi ń gba itan, èyí tó bá tún fúyẹ́ ju tirẹ̀ lọ, odidi adìyẹ ló máa gbà. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni. Bí Sùlè ṣe lọ kírun báyìí, mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè, mo yọ ẹsẹ̀ kan, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fúláwà. Àwọn tó ń po búrẹ́dì dáwọ́ dúró.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pò ó mọ́ búrẹ́dì ni?"

"Ẹ gbájú mọ́ ìyẹ̀fun yín."

Mo fi ẹfun sàmì síbi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n náà dúró sí, mo dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà kí Sùlè tó ṣàmín, mo ru òṣùwọ̀n náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ríìmù àlòkù. Mo wọn gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Irú kan ṣoṣo ni kò tó àmì mi. Ríìmù rẹ̀ gbòòrò, ó ń dán ju ti Sùlè lọ, ṣùgbọ́n táyà tó yí i ká tẹ́ẹ́rẹ́ bí bẹ́líìtì ọmọ iléèwé.

Ẹni tó ń tà á ní, "Bàbá, táyà yìí kéré fún ọ̀nà wa o."

Mo ní, "Ṣé ìwọ ló fẹ́ wà á ni?" Mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀dọ̀ Kàmọ́rù fọkanáísà ni mo gbé e lọ pé kó bá mi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Òun náà mi orí. "Bàbá, ríìmù fúfúyẹ́ dáa. Ẹ́ńjìnnì ò ní ṣe wàhálà kó tó yí i, ọkọ̀ á sì tètè gbéra. Ṣùgbọ́n táyà ni tìmùtìmù ọkọ̀. Ti Sùlè nípọn. Tiyín yìí, awọ lásán ni wọ́n fi bo egungun."

"Fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, jàre."

"Ó ti tó, Bàbá."

"Fẹ́ ẹ sí i! Ṣé o ò rí bálúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ ni? Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń fúyẹ́ tó."

Ó fẹ́ ẹ títí tí táyà náà fi le bí ẹ̀yìn ìjàpá. Tẹ́ ẹ bá kàn án, ó ń dún kọ́kọ́ bí ilẹ̀kùn.

Mi ò ní purọ́ níbí yìí: ọkọ̀ náà fò. Kí n tó rò ó pé mo fẹ́ lọ, mo ti dé. Mo bá Sùlè lójú ọ̀nà, mo ré e kọjá fìn-ín, mo juwọ́ sí i bí ọba. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ padà. Ìyẹn ló tún bí mi nínú. Ká ní ó jowú díẹ̀ ni! Lóòótọ́, eyín mi ń gbá ara wọn kò-kò-kò bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo ní eyín arúgbó ni, kì í ṣe ọkọ̀.

Ní Sátidé, a gbé ilé alájà mẹ́ta náà sórí pátákó lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣadé fi apá méjèèjì yí i ká bí ìyá ọlọ́mọ. Mo rọra gbéra. Ihò kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa, èyí tí mi ò tilẹ̀ kà sí tẹ́lẹ̀. Gbì!

"Bàbá! Bákónì ti já o!"

"Bákónì kọ́ ni ilé. Ilé ni kó o dì mú."

A dé ojú irin rélùwéè. Gbì-gbì, gbì-gbì! Irin kọ̀ọ̀kan wọ inú ìdí mi lọ, ó gba ẹ̀yìn, ó yọ ní orí.

"Bàbá, òrùlé ti ń yọ̀!"

"Dá a padà!"

"Ọwọ́ mélòó lẹ rò pé mo ní?"

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fun fèrè lẹ́yìn mi pé mò ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí. Mo ní ohun tó bá fúyẹ́ kì í wọ ihò, ńṣe ló máa ń fò ó. Bí mo bá sáré, a ò ní kan ilẹ̀ mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tó pa mí ni pé ọkọ̀ náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó gbéra bí ẹtu. A wọ GRA, igi lápá ọ̀tún, igi lápá òsì, ọ̀nà tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ti ń gbọ́ òórùn adìyẹ. Ihò kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò náà, ilé kan péré ló sì wà láàárín òun àti ti Bàbá Kọngílá. Èmi àti ihò náà pàdé.

Ríìmù mi là sí méjì bí obì. Àjà kẹta jókòó lé èkejì, èkejì jókòó lé ti ìsàlẹ̀, áísìn fò wá síwájú ó bá mi lójú.

Ṣadé wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn. "Bàbá, ilé ti wó. Èmi nìkan ni mo yè é."

A gbé pátákó náà, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, bí ẹni ń lọ sin òkú. Mẹ́gáàdì ṣí géètì gbàràgàdà, ó wo ohun tá a gbé, ó tì í padà dé ìdajì. Bàbá Kọngílá jókòó síwájú ilé nínú aṣọ funfun, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára kéèkì náà, KÌ Í nìkan ló ti ṣègbé. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ILÉ BÀBÁ WÓ. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà figbe ta pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Bàbá náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó bí ẹni tí ìjọba rán wá yẹ ilé wò. "Ta ni kọngílá tó kọ́ eléyìí?"

Mo nawọ́ sí Ṣadé. Ṣadé nawọ́ sí mi.

"Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ìpìlẹ̀ dáa, sà. Ilẹ̀ ló mì."

"Mú mi lọ wo ilẹ̀ náà."

Ó tẹ̀ lé mi jáde dé ìdí ọkọ̀. Ó fi ọ̀pá kan táyà tó kù. Kọ́! Ó wò mí. "O gbé ilé ka orí àpáta, o wá ní kí àpáta máa sáré. Ọlọ́run ló yọ ọ́."

Wọ́n ti fóònù Màdáámù. Kò pẹ́, Sùlè gbé wọn dé pẹ̀lú kéèkì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n rí lórí àtẹ. Mo rò pé bàbá náà máa bínú, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Bọ́ńgálò! Èyí gan-an ló yẹ mí. Ta ló fẹ́ máa gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́mọ ọgọ́rin ọdún?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n fa Sùlè wọlé. Èmi àti mẹ́gáàdì la jọ jẹ àwókù ilé náà lẹ́nu géètì. Ó dùn, mi ò ní purọ́.

Màdáámù jáde wá, wọ́n dúró lórí mi. "Bàbá," ni wọ́n wí. Wọn ò pè mí ní "ọkọ mi". "Ọjọ́ Ajé, búrẹ́dì."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Ọkọ̀ mi ò lè rìn mọ́. Sùlè wá bá mi. "Bàbá, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé." Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, níbi tí kéèkì máa ń wà. Mo ti pinnu pé ọkọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ dùn mọ́ mi. Nígbà tá a dé ojú irin, mo di àga mú, mo dijú, mò ń retí gbì-gbì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. A ti kọjá.

"Sùlè, kí lo ṣe sí ọkọ̀ yìí gan-an?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá. Ríìmù fúyẹ́, táyà nípọn, afẹ́fẹ́ wà níwọ̀n. Mo sì máa ń rọra tí mo bá rí ihò."

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jowú ọkùnrin yìí, ìṣẹ́jú kan báyìí ló fi sọ gbogbo àṣírí rẹ̀ fún mi, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ń wá èébú tí n ó fi dá a lóhùn. Kí n tó rí i, mo ti sùn lọ nínú ọkọ̀ ọ̀tá mi, ẹnu mi là sílẹ̀. Ìyàwó mi ló wá jí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa.

"Ẹ dìde, ẹ ti délé. Ọkọ̀ yìí mà tù yín lára o."

"Mi ò sùn. Àdúrà ni mò ń gbà."

"Àdúrà wo lẹ̀ ń gbà tẹ́ ẹ fi ń han-an-run?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: ohun tó ń dán lára ẹni ẹlẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra tiyín. Ìbéèrè ò wọ́n, ríìmù ló wọ́n. Owú náà ṣì wà o, n ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá ń dùn mí, Sùlè náà ni mo máa ń bẹ̀ pé kó gbé mi délé, ẹ̀yìn ni mo sì máa ń jókòó sí kó má baà rí i pé mò ń gbádùn rẹ̀. Hà! Ẹ̀rín arúgbó rèé.