Fọ́tò Bàbá Tí Àbúrò Kà sí Ọ̀rọ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tó jẹ́ pé ìjòyè méjì ni wọ́n ní kí wọ́n lọ rẹ́rìn-ín tán níta ná.

Ayàwòrán kan ló pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lẹ́jọ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àbúrò náà ń ṣe. Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Kábíyèsí, fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá wa fi sílẹ̀ lọmọ yìí bà jẹ́! À ń ṣe ìwé ìtàn ẹbí. Èmi ń kó fọ́tò jọ, òun ń kọ ọ̀rọ̀. Ó ní ká kó gbogbo ẹ̀ sínú ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa ń rántí gbogbo àyípadà téèyàn bá ṣe síṣẹ́. Nígbà tí mo máa ṣí fọ́tò bàbá, iwájú orí nìkan ló kù. Ìyókù ti di eérú."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó ní kí n pa á rẹ́, kí fóònù mi lè fúyẹ́."

Kábíyèsí kọjú sí Mo-ti-mọ̀. "Kí lo rí sọ?"

"Kádé pẹ́ lórí. Mi ò fọwọ́ kan bàbá o. Ètò yẹn ló tún ìlà tò."

"Ìlà wo? Ṣé bàbá yín kọlà ni?"

Ibẹ̀ nìjòyè àkọ́kọ́ ti jáde.

Wọ́n pe ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ níbi iṣẹ́ pé kó wá jẹ́rìí.

"Kábíyèsí, ètò náà gbọ́n ju ẹni tó ń lò ó lọ. Tí fáìlì bá dé, á kọ́kọ́ yẹ iwájú ẹ̀ wò. Tó bá rí báìtì, ìyẹn ẹyọ dátà, tó jẹ́ òdo níbẹ̀, á gbà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀, torí irú òdo bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nínú ọ̀rọ̀ téèyàn ń kà. Kò ní tún ìlà kankan tò níbẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Mo-ti-mọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ àṣẹ pé kó ka gbogbo fáìlì sí ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ń fàmì méjì parí ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, òmíràn ń lo ẹyọ kan. Kí wọ́n lè bára mu, ètò náà ń yọ ọ̀kan níbi tó bá ti rí méjì kó tó tọ́jú fáìlì, kì í sì í rántí èyí tó yọ. Nínú ọ̀rọ̀, kò sí wàhálà. Nínú fọ́tò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ló yọ."

Ìyàwó Mo-ti-mọ̀ fò dìde. "Irọ́ ni! Ọkọ mi ò kọ àṣẹ kankan!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tó ń kọ ọ́. Mo tiẹ̀ ní kó má kọ ọ́."

Ìjòyè kejì bá èkíní níta.

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Kábíyèsí, mo ti ń gbàgbé bí imú bàbá ṣe rí."

Ni Mo-ti-mọ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ni."

Kábíyèsí wò ó títí. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló jọ bàbá yín jù?"

"Òun ni," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Wọ́n jọra bí ìmumu."

"Ó parí. Ẹ wá férémù ńlá tí ò ní gíláàsì. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, Mo-ti-mọ̀ á wọ aṣọ bàbá ẹ̀, á gbé férémù kọ́rùn, á jókòó ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kí wọ́n lè máa wò ó."

"Kábíyèsí, títí dìgbà wo?"

"Panu mọ́! Fọ́tò kì í sọ̀rọ̀."