Bí Àlàdé Ṣe Gba Ìtẹ́ Táyà Rẹ̀ Padà Níwájú Ọkọ̀ Eré Ìje

Ẹ dìde. Ẹni tó bá dé fìlà, kó ṣí i. Àlàdé ni mo fẹ́ dárúkọ.

Àlàdé ọmọ Kọ́láwọlé, ọmọ Oyèéwọlé, alága àwọn fọganáísà Oríta Kóńkéré, a-lẹ-táyà-bí-ẹni-di-ọgbẹ́-ọba, a-fetí-lé-rọ́bà-gbọ́-ibi-tí-atẹ́gùn-ń-gbà-sá, akọni tó fi abọ́ omi kan ṣoṣo rí ihò tí ojú mẹ́wàá ti wá títí, ọkùnrin tí jáàkì rí tó gbéra nílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà láti ọdún méje gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lókèèrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ ògo náà. Oyèéwọlé, bàbá bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé páǹpù kẹ̀kẹ́ wọ ìlú wa, ó gbé e kọ́ èjìká bí ọdẹ ṣe ń gbé ìbọn, àwọn àgbà sì yà fún un lójú ọ̀nà nítorí pé wọn kò mọ ohun tí yóò yìn jáde lẹ́nu rẹ̀. Kọ́láwọlé, bàbá rẹ̀, ni páǹpù fọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá jò, tó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, tó fi ẹnu fẹ́ tíúùbù náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń ké, tí kò sì gbẹ́nu kúrò títí tíúùbù fi le. Ọ̀gá ọlọ́pàá gùn ún lọ. Kò dúpẹ́. Kọ́láwọlé kò sì bínú.

Irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára Àlàdé nìyẹn.

Ìtẹ́ rẹ̀ kì í ṣe igi, kì í ṣe idẹ. Táyà ni. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ agégedú ni, ó dúdú, ó tóbi, ó ti gun òkè, ó ti la ẹrẹ̀ kọjá, ó ti tẹ òkúta tó pọ̀ ju irun orí lọ kó tó wá sinmi lábẹ́ Àlàdé. Ó ga dé itan èèyàn. Lórí rẹ̀ ni tìmùtìmù kan wà, tí Àbẹ̀bí ìyàwó Àlàdé fi àjákù aṣọ rán, pupa, àyìnrín, àti ẹyọ funfun kan láàárín. Àbẹ̀bí ti kú láti ọdún mẹ́fà. Tìmùtìmù náà ṣì wà níbẹ̀.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé orúnkún òsì Àlàdé kì í tẹ̀ dáadáa mọ́. Àwọn bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ náà kúrú. Bí ó bá jókòó sórí wọn, èèyàn méjì ní í gbé e dìde.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò pọ̀. Ní ọjọ́ ìpàdé, ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè bi alága ní ìbéèrè mẹ́ta nípa táyà. Bí alága bá ṣi ẹyọ kan, yóò dìde, ẹni tó bèèrè yóò jókòó, ìtẹ́ àti ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀ yóò sì di ti ẹni náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àlàdé ti ń dáhùn. Wọ́n ti bi í nípa táyà katakata. Wọ́n ti bi í nípa táyà bàálù. Ẹnìkan tilẹ̀ bi í nípa táyà bárò tí wọ́n fi ń kó bíríkì. Gbogbo wọn ló dá lóhùn, ìdáhùn kan kò sì ju èémí kan lọ.

Ìgbà náà ni Ọ̀pọ̀ọlá dìde.

Ọmọ ẹgbẹ́ náà ni Ọ̀pọ̀ọlá, ẹni ogójì ọdún. Ó ní ẹ̀rọ tuntun tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, tó ń ké bí akọ màlúù. Oṣù mẹ́rin ló sì fi ń wo eré ìje àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan nínú amóhùnmáwòrán, àwọn tó rí bí eéṣú tó na ìyẹ́, tí awakọ̀ nìkan ń dá jókòó sí, tí kò sí àyè fún èrò tàbí ẹrù, èyí tí aráyé ń pè ní Fọ́múlà Wáàn. Ó rí i pé àlàyé eré náà kò kọjá táyà. Ó rí i pé kò sí fọganáísà kankan ní Oríta Kóńkéré tó mọ̀ ọ́n. Ó sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé:

"Tí mo bá jókòó síbẹ̀, àkísà yẹn ló máa kọ́kọ́ kúrò. Fóòmù ni mo máa gbé sí i."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àlàdé. Ó ń fi òróró pa sípánà rẹ̀, ó sì ń pa á lọ.

Ìpàdé oṣù náà bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ní ilé ìwòran Ìyá Rísì, nítorí Ọ̀pọ̀ọlá ní ibẹ̀ ni òun ti fẹ́ bèèrè, pẹ̀lú ẹ̀rí lójú gbogbo ayé. Amóhùnmáwòrán Ìyá Rísì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, àmọ́ kì í fọhùn. Àwòrán nìkan ló ń mú wá, ó sì ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló yí ìtẹ́ Àlàdé láti abẹ́ igi máńgòrò gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìtẹ́ ń yí gbìrìgbìrì, àwọn adìyẹ ń sá, àwọn ọlọ́kadà ń dúró, Àlàdé sì ń tẹ̀lé e pẹ̀lú tìmùtìmù lábíyá bí balógun tó ń tẹ̀lé ẹṣin rẹ̀ lọ sójú ogun. Ó jókòó. Ó gbé sípánà sáàárín ẹsẹ̀.

Lójú amóhùnmáwòrán, eré ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń yí po.

Ọ̀pọ̀ọlá dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Alága, ẹ kú ìjókòó."

"O ṣé."

"Ìbéèrè kìíní. Táyà àwọn ọkọ̀ yìí dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí orí Akọ̀wé. Táyà tiwa tó bá rí báyìí, ọlọ́pàá á dá wa dúró. Kí ló dé tí tiwọn ò fi yọ̀ gbé wọn dà sígbó?"

Múdà, akọ̀wé ẹgbẹ́, fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Orí mi ò sí nínú òfin o."

"Rọ́bà wọn rọ̀," ni Àlàdé wí. "Tó bá gbóná, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ìlà ara táyà, torí omi ni. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á gbé onílà sí i."

Múdà kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wo Ọ̀pọ̀ọlá. Ọ̀pọ̀ọlá mi orí, ó gbà.

"Ìbéèrè kejì. Kí èèyàn tó sín ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ti pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yin, Alága, ọ̀sán gbogbo lẹ fi pààrọ̀ ẹyọ kan fún ọkọ̀ Àlùfáà lọ́jọ́sí. Kí ni wọ́n fi jù yín lọ?"

Ilé pa ẹ̀rín. Ìyá Rísì gbá itan. Àlàdé dúró kí ẹ̀rín parí.

"Nọ́ọ̀tì kan ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wọn. Márùn-ún ló wà ní ti Àlùfáà."

Ó yí sípánà lẹ́ẹ̀kan.

"Èèyàn bí ogún ló ń ṣe tiwọn. Èmi nìkan ni mo ṣe ti Àlùfáà."

Ó tún yí i.

"Àlùfáà sì ń wàásù fún mi títí mo fi ṣe é tán."

Ẹ̀rín tún bú, àmọ́ Alága ni wọ́n ń rín in fún báyìí. Ọ̀pọ̀ọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí amóhùnmáwòrán, ó ń dúró de àkókò rẹ̀. Àlàdé pajú dé. Èémí rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Bàbá ti sùn," ni Ìyá Rísì sọ.

Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu. Ọdún mẹ́fà ni Àlàdé ti ń wá síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kó jókòó sẹ́yìn, kó pajú dé títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nítorí pé ilé rẹ̀ máa ń dákẹ́ jù ní ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan ló wà níwájú. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ aláwọ̀ aró tó ṣìkejì jìnnà sẹ́yìn débi pé kò sí nínú àwòrán kan náà. Nígbà tó ku ìyípo mẹ́ta kí eré parí, Ọ̀pọ̀ọlá na ìka.

"Alága, ẹ jí. Ìbéèrè kẹta. Ẹ rí ọkọ̀ ewé yẹn. Ó ku ìyípo mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀melòó ló tún máa pààrọ̀ táyà kí eré tó parí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń sọ ọ́, nítorí ó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òfo ni ìdáhùn, ó sì ti ṣe ìbéèrè náà bíi pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀, kí arúgbó lè fọkàn wá a títí.

Àlàdé la ojú kan. Kò la èkejì. Ó fi ẹyọ kan náà wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ewé.

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Ilé gbóná.

"Alága!" Ọ̀pọ̀ọlá pàtẹ́wọ́. "Ẹ forí jì mí o. Táyà yẹn ò jò. Kò fọ́. Atẹ́gùn ẹ̀ pé. Ọkọ̀ ọ̀hún ló wà níwájú. Ta ló máa ń tú táyà tó dára?"

Gbogbo fọganáísà tó wà níbẹ̀ kan sáárá sí i. Ẹ má bá wọn wí. Láti ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kò sí ẹni tó tú táyà kan rí láìjẹ́ pé ó jò. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Kódà Múdà akọ̀wé, tó fẹ́ràn Alága bí bàbá, gbé bírò sílẹ̀, ó sì wo ilẹ̀.

"Ẹ dìde, Alága," ni Ọ̀pọ̀ọlá wí.

"Ọ̀pọ̀ọlá, o ò jẹ́ kí eré parí!" Ìyá Rísì pariwo.

"Kí ló kù tó fẹ́ parí, Ìyá? Ẹni tó bá mọ táyà ti mọ̀."

Àlàdé dìde. Ó fi sípánà ti ilẹ̀, orúnkún òsì ró kẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ọlá fi ìka méjì mú tìmùtìmù Àbẹ̀bí, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ògiri, ó sì jókòó sórí táyà agégedú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

Àlàdé wo tìmùtìmù nínú eruku. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí amóhùnmáwòrán. Ó dúró.

Ó ku ìyípo méjì. Ọkọ̀ ewé kọjá fìì. Wọ́n hó fún Ọ̀pọ̀ọlá. Ọkọ̀ ewé gba kọ́nà, ó tún gba kọ́nà, ó sáré lórí títì gbọọrọ bí ọfà, kò mì, kò yà, Ọ̀pọ̀ọlá sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bíi pé òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ìgbà náà tó ku kọ́nà kan ṣoṣo kó bọ́ sínú ìyípo ìkẹyìn, bí ìgbà tí odò ńlá bá ṣàdédé rántí ọ̀nà mìíràn, bí ìgbà tí ogun tó ti ṣẹ́gun tán bá pẹ̀yìn dà lójijì níwájú ààfin, ọkọ̀ ewé fi títì sílẹ̀, ó yà sápá ọ̀tún, ó dín ìrìn kù, ó sì rọra wọlé lọ bá àwọn èèyàn ogún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dè é pẹ̀lú táyà mẹ́rin.

A ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè. Wọ́n tú u. Wọ́n dì í. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Kó tó padà sójú títì, ọkọ̀ aláwọ̀ aró ti kọjá lọ ní tirẹ̀, òun ló sì gba eré náà.

"Oògùn ni," ni Ọ̀pọ̀ọlá wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ẹ ṣàlàyé fún wa, Alága," ni Múdà bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Táyà yẹn kò jò."

Àlàdé sọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ ní ọdún mọ́kàndínlógún tó fi jẹ́ alága.

"Wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Wọ́n máa ń kun ún. Pupa ló rọ̀ jù. Ofeefee tẹ̀lé e. Funfun ló le jù. Funfun ni ọkọ̀ ewé fi bẹ̀rẹ̀, funfun náà ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wò ó níbí. N kò rí i rí kí ọkọ̀ kan fi àwọ̀ kan ṣoṣo parí eré, àfi tí òjò bá rọ̀. Òfin wọn ni. Ìkùukùu wà lókè níbẹ̀. Òjò ni awakọ̀ ẹ̀ ń retí, kí òfin náà má bàa mú un."

Ó fi ọwọ́ nu imú.

"Òjò ò rọ̀."

Ìyá Rísì di orí mú. "Ọdún mẹ́fà! Bàbá, a ṣebí ẹ máa ń sùn ni!"

"Ojú kan ń sùn."

Ọ̀pọ̀ọlá dìde lórí ìtẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ó lọ sẹ́sẹ̀ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé tìmùtìmù, ó gbọn eruku rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu ẹyọ funfun tó wà láàárín, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé orí táyà pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alága."

"Yí i. Apá pupa ló máa ń wà níwájú."

Ó yí i.

Nítorí náà mo kéde, kí Oríta Kóńkéré gbọ́, kí kẹ̀kẹ́ gbọ́ kó sọ fún ọ̀kadà, kí ọ̀kadà sọ fún akérò, kí akérò sọ fún ọkọ̀ agégedú lójú ọ̀nà oko: Àlàdé ọmọ Kọ́láwọlé ti ṣẹ́gun, a-fojú-kan-sùn-fojú-kan-ṣọ́-táyà, ẹni tó wà ní ilé ìwòran Ìyá Rísì tó sì pàṣẹ fún ọkọ̀ tó ń sáré ní ìkọjá òkun pé kó yà, tí ó sì yà. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé táyà tí kò jò kò ṣeé pààrọ̀, orí bẹ́ǹṣì tó kúrú jù ni yóò jókòó sí fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ọlá ti wà níbẹ̀. Òun nìkan ló tún gbọdọ̀ máa yí ìtẹ́ náà lọ, kó máa yí i bọ̀, ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé.

Àlàdé jókòó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ tìmùtìmù náà dáadáa lábẹ́ ara rẹ̀. Ó pajú méjèèjì dé.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó sùn.