Àga Tí Bàbá Láoyè Jókòó Lé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i? Ẹ ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òfurufú alápá aṣọ kọ́kọ́ dé pápá Òkè-Ayùn, gbogbo ìlú tú jáde. Ọkọ̀ ọ̀hún kò ju kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, ìjókòó méjì péré. Akínsọlá tó ń wà á ní òun fẹ́ gbé àgbà ìlú kan fò. Wọ́n pe Bàbá Láoyè. Bàbá ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ó yáa fìdí lé ohun tó kọ́kọ́ rí, kò tiẹ̀ wò ó, agbádá rẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Láoyè, so gèlè le, òun ló wọ ọkọ̀.

Ọmọṣẹ́ Akínsọlá tó yẹ kó rọ epo sínú ọkọ̀ wá kẹ́ẹ̀gì epo títí, kò rí i. Ó ní bóyá ọ̀gá òun ti rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ni ọkọ̀ bá gbéra.

Kò pẹ́ tí bàbá fi gbóòórùn epo bẹntiróò. Ó fọwọ́ kan ìdí agbádá, ó tutù. Ó wo abẹ́ ara rẹ̀. Háà! Kẹ́ẹ̀gì epo ló fi ṣe àga! Ó fò dìde.

"Akínsọlá, sọ̀ kalẹ̀! Epo rẹ rèé!" Ó ń ju ọwọ́ méjèèjì.

Akínsọlá kò gbọ́, àmọ́ ó rí i pé àgbà ń juwọ́ sí òun. Ọmọ àbíire sì ni, kò jẹ́ fi ọwọ́ òsì kí àgbà. Ó tú ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára irin tó fi ń darí ọkọ̀, ó fi kí bàbá. Ọkọ̀ dorí kodò. Ìyá Láoyè figbe ta. Jìnnìjìnnì bo àwọn ará ìlú, ni gbogbo wọn bá ń juwọ́. Akínsọlá sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan!

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó dákẹ́.

"Ẹ sọwọ́ yín kalẹ̀!" Omi ti ń bọ́ lójú bàbá. "Ẹni tó bá tún juwọ́, òun ló pa ìyàwó mi!"

Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀. Akínsọlá kò rí ẹni tí yóò kí mọ́, ló bá di irin rẹ̀ mú. Ọkọ̀ ń fì, ó ń fì, ó rọra já sínú ẹrẹ̀ àkùrọ̀. Ìyá Láoyè dìde, ẹrẹ̀ dé eyín rẹ̀. Bàbá sáré dì mọ́ ọn, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì fún Akínsọlá, ó forí balẹ̀. "Bàbá, gbogbo pápá ni mò ń wò látòkè, mi ò rí kẹ́ẹ̀gì. Báwo lẹ ṣe rí i?"

"Mo jókòó ni."

Ìyá Láoyè wo agbádá ọkọ rẹ̀ tó rin gbingbin.

"Má dára ẹ láàmú, ọmọ mi. Ibi yòówù kó o gùn, báwo lo ṣe fẹ́ rí i? Ìdí bàbá yìí ló wà lórí ẹ̀."

Ẹ wá mọ̀ ọ́n wàyí: ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.