Àtẹ́lẹwọ́ Méjì Lórí Bàbá Ummu

"Mọ́mì, tí èèyàn ò bá sùn lálẹ́, ṣé àná ò tíì tán fún un nìyẹn?"

Ummulkulthum, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí nídìí ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀ Sátidé. Sàfúrátù, ìyá rẹ̀, ti gbé àkàrà sẹ́nu. Ó yíjú wo ọkọ rẹ̀. Sàlàhúdíìnì ń fi ṣíbí ro ẹ̀kọ gbígbóná. Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀kọ náà. Kò tilẹ̀ sí ẹ̀kọ nínú kọ́ọ̀bù náà. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkùnrin náà ti ń ro kọ́ọ̀bù òfìfo.

Kóń! Kóń! Kóń!

Ummu tún bu àkàrà jẹ.

Àná Sàlàhúdíìnì kò tíì tán lóòótọ́. Ìjẹta rẹ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe àdúrà fídáù fún òkú Asiata, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, ọkùnrin yìí kò sunkún, kò sì sùn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko! Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á jókòó sí pálọ̀, á gbójú sókè, á máa ka apá fáànù. Apá mẹ́ta péré ni fáànù náà ní. Kò síná, nítorí náà fáànù kò yí. Síbẹ̀, á kà á títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí ẹni pé ìkẹrin lè yọjú.

Sàfúrátù náà kò sì lè sùn, torí ó ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ fáànù.

Ẹ̀rù ń bà á. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn: ìyá tó máa ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti lọ gbé ìka sí imú ọmọ rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó ń mí. Ní báyìí, imú méjì ló ní láti máa tọ́jú. Ó ti ń rí i lọ́kàn pé ọkọ òun máa ṣubú lulẹ̀ gbì! ní ọjà Ìtòkú tó ti ń ta aṣọ, láàárín ọ̀kadà àti aláàárù, kí wọ́n tó ráyè gbé e.

Ohun tí ojú ọjà sì ti rí kò kéré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sàlàhúdíìnì dúró níwájú ère tí télọ̀ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń wọ aṣọ fún. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ère kò dáhùn. Ó tún kí i. Ère dákẹ́ lọ gbári. Inú bí i.

"Ìyá yìí, kí ni mo fi ṣe yín?"

Mobọ́lájí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kọjú síra, ló fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ère náà kò tilẹ̀ lórí!

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ṣùgbọ́n Sàfúrátù kò rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́rú, ẹgbẹ́ àwọn aláró, tí òun náà wà nínú rẹ̀, pe obìnrin kan wá bá wọn sọ̀rọ̀. Adétáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, Ìbarà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ó kàwé lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wo ọgbẹ́ ọkàn, ó sì tún kọ́ iṣẹ́ kan tó wá láti ilẹ̀ Jàpáàní tí wọ́n ń pè ní rẹ́íkì. Àwọn tó ń ṣe é a máa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara èèyàn jẹ́jẹ́, wọ́n á ní agbára kan ń gba ibẹ̀ wọlé. Adétáyọ̀ ti da méjèèjì pọ̀: ọwọ́ á wà lórí, ẹnu á máa sọ̀rọ̀, ìbànújẹ́ á máa bọ̀ níta.

"Ẹ lè mọ ooru díẹ̀ lára," ó wí. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi èèyàn: kí lohun tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnì kankan? Mo máa wá dákẹ́, mo máa gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dán an wò nílé o. Ẹ mú ẹni náà wá bá mi."

Gbogbo rẹ̀ ni Sàfúrátù gbọ́, àfi gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn. Ó ti dìde, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Bàbá Ummu, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbarà lọ́dọ̀ màdáámù kan."

"Kí ló fẹ́ fi mí ṣe?"

"Á gbọ́wọ́ lé yín lórí."

"Lórí èmi Sàlàhúdíìnì? Ṣé wọ́n ti wá sọ fún ọ pé mo ti di aládùúrà ni?"

"Kì í ṣe ti àdúrà. Agbára ló máa ń wọlé síni lára."

"Agbára! Odidi àdúgbò yìí kò ríná láti oṣù tó kọjá, obìnrin kan wá ń pín agbára ní Ìbarà! Kó kọ́kọ́ tan fáànù yìí ná."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ó parí síbẹ̀ títí di ọ̀sán Sátidé tí mò ń sọ yìí. Sàfúrátù wà lẹ́yìnkùlé, ó ń rẹ àdìrẹ nínú ike aró ńlá rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá. Ó gbọ́ ìró ọ̀kadà. Mobọ́lájí ló ń fa ọkọ rẹ̀ bọ̀.

"Ìyá Ummu, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gba ọkọ yín."

"Yéè! Kí ló ṣe é?"

"Ó fẹ́ wọn aṣọ fún oníbàárà. Ó fi ọ̀pá wọn oníbàárà fúnra rẹ̀. Ó ní ìyá náà jẹ́ yáàdì kan ààbọ̀."

"Háà!"

"Ó tún bi í bóyá ká gé e síbẹ̀."

Mobọ́lájí gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ bá ìyá oníyáàdì kan ààbọ̀ bẹ̀bẹ̀. Sàlàhúdíìnì jókòó gbì sórí àga ike lábẹ́ igi ọsàn. Láàárọ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí, ó fá a kodoro, oòrùn sì ń kọ mànà lórí rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Sàfúrátù, ó ti rẹ̀ mí. Ọwọ́ tí o ní wọ́n máa ń gbé lérí èèyàn yẹn, wá gbé e. Bó bá tiẹ̀ ṣe ẹsẹ̀ ni, gbé e."

Háà! Ṣé obìnrin á tún dúró kó yí ọkàn padà? Fàràgàdà! ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Fàràgàdà! ó bọ́ ti òsì. Ó sáré nu ọwọ́ mọ́ ìró ìdí.

Ẹ wò ó, ìbọ̀wọ́ méjèèjì ti lu. Láti àárọ̀ ni omi aró ti ń rọra wọ inú wọn. Kò sì sí aláró tí kò mọ̀ pé aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ike kì í tíì jọ aró. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i tán ló ń di búlúù. Kò sí aláró tí kò mọ̀ pẹ̀lú pé kọ́sítíìkì tó wà nínú rẹ̀ kì í bá awọ ara ṣeré. Ogún ọdún ni Sàfúrátù ti mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Pà! Àtẹ́lẹwọ́ méjì gúnlẹ̀ sórí tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

"Ẹ dijú. Ẹ mí sínú."

Ó dijú. Ó mí sínú.

"Ṣé ẹ mọ nǹkan lára?"

"Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú Sàfúrátù. "Alhamdulillah! Ó ti ń wọlé!"

"Ó ti ń gbóná díẹ̀ o."

"Ooru rẹ̀ nìyẹn! Màdáámù sọ ọ́!"

"Sàfúrátù, ó ń ta mí."

"Ẹ fara dà á. Ìbànújẹ́ yín ló ti pẹ́ níbẹ̀, kò fẹ́ jáde."

"Ó ń jó mi! Yéèèè! Orí mi!"

Ọkùnrin fẹ́ dìde, ìyàwó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé ike aró kún fún omi lójoojúmọ́, ṣé a lè bá a jà? Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, ó sì ké ìbéèrè náà sí i létí bí ẹni ń pe èrò ọkọ̀:

"Kí lohun tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnì kankan?"

"Èmi ni mo jẹ ògúnfe tó kù nínú ìkòkò lọ́jọ́ fídáù! Kì í ṣe ológbò!"

Sàfúrátù ti lé ológbò náà kúrò nílé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Ẹ máa bá a lọ! Ó ń jáde!"

"Àdìrẹ tí o ṣe fún mi nígbà ọdún Iléyá, kò wù mí! Ìdí nìyẹn tí mo fi fún Mobọ́lájí!"

"Ẹ ní wọ́n jí i!"

"Mo parọ́! Yéè, gbọ́wọ́ kúrò!"

"Ó kù! Mo mọ̀ pé ó kù!"

Ibẹ̀ ni ohùn ọkùnrin náà yí padà. Ó rọlẹ̀.

"Àǹtí mi pè mí lórí fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú yẹn. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Mo rí orúkọ rẹ̀, mo ní tí bọ́ọ̀lù bá tán ni mo máa pè é padà."

Ó bú sẹ́kún. Ẹkún ọjọ́ mọ́kànlélógún bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, hìn-ìn-ìn! hìn-ìn-ìn! àwọn adìyẹ sá kúrò lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ Sàfúrátù dẹ̀ lórí rẹ̀. Ó dì í mọ́ àyà, òun náà ń sunkún.

Ummu, tó ti jáde síta, ló sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, orí Dádì ti ń hu ewé."

Sàfúrátù wolẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjì, ìka mẹ́wàá, àwọ̀ ewé tútù, lórí ọkọ rẹ̀. Bó ṣe ń wò ó ló ń di búlúù. Ìka kan, ìka kejì.

"Mo gbé o! Kọ́sítíìkì!"

Ó gbá korobá mú. Ṣàà! Omi kìn-ín-ní. Ṣàà! Ìkejì. Ó fa omi kànga títí ó fi di korobá méjìlá. Omi ń dà sí Sàlàhúdíìnì lórí, òun náà ń da omijé, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni èwo. Nígbà tí omi dá, orí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kò bó. Ṣùgbọ́n aró ti mú dáadáa. Sàfúrátù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Aró tirẹ̀ kì í ṣí.

Sàlàhúdíìnì kò béèrè kí ló ṣẹlẹ̀. Ó wọ pálọ̀, ó na gbalaja sórí ẹní. Kó tó di pé ìyàwó rẹ̀ mú tówẹ́ẹ̀lì dé:

Khòòòò! Fììì! Khòòòò!

Ó ti sùn!

Kí ni Sàfúrátù ṣe? Ó pe Adétáyọ̀ lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Màdáámù, ẹ kú ọ̀sán o. Ìyá Ummu ni, láti ẹgbẹ́ aláró. Ọkọ mi tí kì í rí oorun sùn ti sùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ìyá Ummu."

"Ṣé bó ṣe yẹ kó sùn nìyí? Ẹnu rẹ̀ ṣí."

"Ẹ jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n ẹ mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Kí lẹ ṣe fún un gan-an?"

Sàfúrátù pa fóònù. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó gbé ìka sí imú ọkọ rẹ̀. Ó ń mí. Ó tún gbé e síbẹ̀. Ó ń mí. Lẹ́yìn náà ó dà bíi pé híhanrun náà dáwọ́ dúró díẹ̀. Ó gbá a léjìká.

"Bàbá Ummu! Bàbá Ummu! Ṣé ẹ ti sùn?"

Sàlàhúdíìnì la ojú kan.

"Sàfúrátù. Láti ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mi ò ti sùn. Mo wá rí i sùn. O jí mi, kóo lè bi mí bóyá mo ti sùn?"

"Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Fi orí rẹ lélẹ̀ síbí." Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé gèlè ìyàwó rẹ̀. "Ó yá, ìwọ náà, kí lohun tí o ò tíì sọ fún ẹnì kankan?"

Sàfúrátù dijú. Ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù kànga ń bà á nítorí Ummu. Ẹ̀rù egungun ẹja ń bà á. Ẹ̀rù pé fáànù máa já lu èèyàn níjọ́ tí iná bá dé. Ó ti lé ológbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó ń rò ó bóyá ológbò náà ti jẹun. Ó dé orí ìkẹtàdínlógún kó tó mọ̀ pé híhanrun ti padà, àti pé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ummu ti ká jọ sáàárín wọn, ó ń hanrun tirẹ̀, fìn-ìn-ìn, bí ẹ̀fọn tó mutí.

Ojú Sàfúrátù náà wúwo.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Mobọ́lájí lójú fèrèsé. Ọkùnrin náà ti padà dé, ó ń yọjú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìta.

"Yéè! Ta ló fi ọwọ́ méjì gbá a lórí?" Lẹ́yìn náà ó gbọ́ híhanrun. "Ìyá Ummu! Ṣé ohun tó mú un sùn nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí! Mò ń bọ̀!"

Sàfúrátù fẹ́ dá a lóhùn. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó tún gbọ́ ọ, ní ẹnu ọ̀nà gan-an báyìí, òun àti ẹsẹ̀ èèyàn púpọ̀.

"Ìyá Ummu, ẹ kú ilé o! A ti dé! Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ni, kò sẹ́ni tó ń rí oorun sùn nínú wa, a ti fárí tán, àwa mọ́kànlá. Mo ti tò wọ́n. Ẹ kàn máa bá a bọ̀ láti orí àkọ́kọ́."

Sàfúrátù rò ó pé òun gbọ́dọ̀ dìde, kí òun sọ fún wọn pé aró ni. Ó rò ó gan-an. Ó tilẹ̀ gbé ìka kan sókè.

Ìka náà balẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ti sùn.